Sísanra Kọ́ Ni Ìlera Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Òbí Sọ ní Enugu



Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà mú kí ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ní Enugu níbí àti káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n tì wọ́n ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Níbẹ̀, wọ́n a máa wọn àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lórí ìwọ̀n. Lọ́dún ẹ̀kọ́ 2019 sí 2020, nínú 100 ọmọ ọdún 4 sí 5, bí 10 ló sanra jù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n di 14. Ní àdúgbò àwọn tálákà, iye wọn ju ìlọ́po méjì ti àdúgbò olówó lọ. Ẹ rí i pé sísanra kì í ṣe àmì ọrọ̀.

Ọmọ tó jókòó sílé kò sáré, kò ṣeré. Ẹnu rẹ̀ kò sì dilẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? Owó ẹ̀gẹ́ tí a tà ni a fi ń ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bísíkíìtì. Ọmọ tó ń jẹ fùfú tí kò rí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tàbí ẹja jẹ lè sanra, kí ó má lókun. Ọkpa tí wọ́n ń tà ní 9th Mile, irú ẹ̀pà kan tó dà bí ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó sàn ju bísíkíìtì lọ. Omi ni kí ọmọ máa mu. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá tún tì, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sáré níta.

Bí aládùúgbò bá yìn yín pé ọmọ yín sanra, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọ̀n ọ́n.