Ọ̀nà àdúgbò wa: ta ni yóò tún un ṣe, níbo ni owó yóò ti wá?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Albarika, Parakou

  

Orúkọ àdúgbò yìí kò ṣàjèjì sí etí wa. Albarika, alùbáríkà ni. Ṣùgbọ́n alùbáríkà nìkan kì í tún ọ̀nà ṣe. Ọwọ́ ènìyàn ló ń tún un ṣe, owó ló sì ń ra ohun èlò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti owó la fẹ́ sọ lónìí.

Kí ló ń ba ọ̀nà jẹ́?

Ẹ ó sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi ló kọ́kọ́ ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọkọ̀ akẹ́rù.

Ní Parakou, ìgbà òjò kan ṣoṣo la ní. Ní ọdún tí òjò bá dára, ó máa ń ju mílímítà 1.000 lọ. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ẹ wọn ilẹ̀ mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó. Omi tó rọ̀ sórí ibi kékeré yẹn lọ́dún kan jẹ́ lítà 1.000. Ó kún àgbá 5 onílítà 200. Ẹ wá ronú sí omi tó ń rọ̀ sórí òpópónà kan látòkè délẹ̀.

Bí omi yìí bá rí kòtò àgbàrá tó mọ́, á gba ibẹ̀ lọ. Bí kòtò bá dí, orí ọ̀nà ni yóò gbà.

Bí ọ̀nà bá jẹ́ ilẹ̀ pupa, omi á wọ́ erùpẹ̀ lọ, á sì gbẹ́ ojú àgbàrá sí àárín rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òkúta sìmẹ́ǹtì tí a tò, èyí tí à ń pè ní páfé, omi á kó iyanrìn tó wà láàrin wọn lọ. Páfé kan á mì. Èkejì á yẹ̀. Ọkọ̀ á gun orí wọn, wọn á rì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà, omi á gba ojú ibi tó sán wọlé, á mú kí abẹ́ rẹ̀ rọ̀. Láìpẹ́ ihò á là.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò

Páfé 6 tó yẹ̀ lónìí, ènìyàn 2 lè tún wọn tò ní àárọ̀ kan pẹ̀lú iyanrìn díẹ̀. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà òjò méjì, gbogbo ibẹ̀ ni a ó hú, tí a ó tún tò láti ìpìlẹ̀.

Ní ọdún 1994, Báńkì Àgbáyé ṣírò ọ̀rọ̀ yìí fún ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti ná bílíọ̀nù 12 dọ́là sí ìtọ́jú ọ̀nà lásìkò, ní ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú, wọn ì bá má ná bílíọ̀nù 45 láti tún àwọn ọ̀nà náà kọ́. Ẹ wò ó: owó 1 tí a kò ná lásìkò di owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Nínú ètò iṣẹ́ ìjọba ọdún 2016 sí 2021, ìjọba Benin dáwọ́ lé iṣẹ́ títẹ́ òpópónà ní ìlú 9, èyí tí wọ́n pè ní Asphaltage. Parakou wà nínú wọn. Kíkọ́ ọ̀nà tuntun dára, ó ń dùn mọ́ ojú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀.

Ta ló ni ọ̀nà?

Ọ̀nà ńlá tó ti Cotonou wá, tó gba Parakou kọjá lọ sí Malanville, ti ìjọba orílẹ̀-èdè ni.

Àwọn òpópónà inú ìlú, ti kọ́múnù ni. Òfin oṣù kìíní ọdún 1999 ló fi ìtọ́jú wọn lé kọ́múnù lọ́wọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ kọ́múnù tí aráàlú dìbò yàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003. Òfin mìíràn tún jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2021, tó fi ìnáwó ojoojúmọ́ sí ọwọ́ akọ̀wé alákòóso kọ́múnù.

Iwájú ilé rẹ ńkọ́? Ilẹ̀ ìlú ni, ṣùgbọ́n ìwọ ló ń jí rí i. Bí ìdọ̀tí ilé rẹ bá dí kòtò àgbàrá, mérì kọ́ ló dà á síbẹ̀.

Owó dà?

Kọ́múnù ń rí owó láti ọ̀nà méjì. Èkínní ni owó tí àwa ń san: owó orí ilẹ̀ àti ilé, owó ìsọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọjà. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ìyá ọlọ́jà ń gbà ní ọjà Arzèkè, ara owó ọ̀nà wà níbẹ̀. Èkejì ni owó tí ìjọba ń fi ránṣẹ́. Ní 2008, wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ fún èyí, tí wọ́n pè ní FADeC nígbà náà.

Ẹnì kan yóò bèèrè pé: “A ti san owó orí. Kí ló dé tí a ó tún dá owó ní àdúgbò?” Ìbéèrè gidi ni. Èsì rẹ̀ nìyí: owó àdúgbò kò gbọdọ̀ rọ́pò owó kọ́múnù. Kọ́múnù ló yẹ kó gbé iṣẹ́ ńlá. Owó àdúgbò wà fún iṣẹ́ kékeré tí kò lè dúró de ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó yín kí kọ́múnù lè sinmi, ẹ má gbà fún un.

Báwo la ó ṣe ṣètò?

1. Ní oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rin ọ̀nà yín pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Fún àpẹẹrẹ:
Iwájú ilé kẹrin: páfé 6 ti yẹ̀.
Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi: kòtò àgbàrá dí, mítà 15.
Oríta: ihò kan, mítà 2 níbùú.

2. Ẹ pín in sí méjì. Kíkó ìdọ̀tí kúrò nínú kòtò, dída iyanrìn sáàrin páfé, títún páfé díẹ̀ tò: tiwa. Kòtò àgbàrá tó wó, ihò ńlá, ibi tí ilẹ̀ ti rì: ti kọ́múnù.

3. Ẹ kọ ìwé sí kọ́múnù nípasẹ̀ olórí àdúgbò. Ọdún ìnáwó kọ́múnù ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní. Nítorí náà, kí ìwé yín dé ibẹ̀ kí wọ́n tó dìbò sí ètò ìnáwó. Bí ẹ bá dé lẹ́yìn èyí, owó ti ní orúkọ ẹlòmíràn lórí. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú.

4. Ẹ dá àjọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: ilé 60, ilé kọ̀ọ̀kan 200 fàráńkì lóṣù. 60 lọ́nà 200 jẹ́ 12.000. Lọ́dún, ó di 144.000 fàráńkì. Kò tó kọ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó lè ra ṣọ́bìrì, ọmọlanke àti iyanrìn. Ẹni tí kò bá lówó, kí ó fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Àáró àwọn baba wa kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

5. Ẹ yan ènìyàn 3: ọ̀kan á pa owó mọ́, ọ̀kan á kọ ìwé, ọ̀kan á yẹ̀ ẹ́ wò. Kí obìnrin wà nínú wọn. Ní ìparí oṣù, ẹ ka ìwé náà sókè níwájú gbogbo ènìyàn: owó tó wọlé, owó tó jáde, èyí tó kù. Àjọ tí a kò ka ìwé rẹ̀, ìjà ló ń bí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìdí nìyí tí ẹ fi kọ́ ìwé. Ìpàdé ìgbìmọ̀ kọ́múnù wà fún gbogbo ènìyàn láti gbọ́. Ẹ lọ jókòó. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú òpópónà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìparí ọdún, ẹ padà lọ bèèrè iye tí wọ́n ná. Aláboyún tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní òru òjò kò lè dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Níbo ni omi ti ń dúró ní òpópónà yín? Ta ló ń da ìdọ̀tí síbẹ̀? Kí ni ẹ lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí láìná owó? Ta ni yóò kọ ìwé sí kọ́múnù, ọjọ́ wo ni yóò sì kọ ọ́?

Ẹ kà á fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Iṣẹ́ yá!