"CUT": ÀGÉKÙ DÀ?
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀kọ́ ní Múṣin

 

Ọ̀rọ̀ kékeré kan la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, lẹ́tà mẹ́ta péré ni: "cut". Láti Yábàá dé Sùúrùlérè, kò sí ẹni tí kì í pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti mọ́ni lẹ́nu jù, a kì í béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Èdè wa kì í pe gbogbo rẹ̀ lórúkọ kan ṣoṣo. Alápatà ń gé ẹran. Onígbàjámọ̀ ń fá orí. Olóólà ń kọ ilà. Okùn ń já. Iye owó ọjà, dídín là ń dín in kù. Ọ̀nà tó kúrú, àbùjá la ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì lè kó gbogbo èyí sínú àpò kan náà, kó ní "cut".

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ iná. NEPA bẹ̀rẹ̀ ní 1972. Orúkọ náà kúrò nílẹ̀ ní 2005, iná sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní 2013. Síbẹ̀ ohun tí à ń wí kò yí padà: "Wọ́n ti cut iná." Ìgbà mìíràn, gbogbo àdúgbò ló ṣókùnkùn. Ìgbà mìíràn sì rèé, òṣìṣẹ́ ló gun òpó, tó já wáyà ilé ẹni tó jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ sùúrù, ti èkejì ń fẹ́ owó. Ẹni tó bá ṣi èkejì gbọ́, á jókòó sínú òkùnkùn títí.

Àwọn ọmọ wa tó fẹ́ wọ Yunifásítì Èkó ní Àkọkà ń gbọ́ "cut-off mark". Kò sẹ́ni tó gé máàkì wọn. Ààlà ni a fà. Ẹ dé gáréèjì ẹ̀wẹ̀, bí ẹnì kan bá ní "Cut mi dà?", ìpín tirẹ̀ ló ń béèrè. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún ohun tí wọ́n mú lọ́wọ́ ẹni, òun náà là ń lò fún ohun tí wọ́n fi lé ẹni lọ́wọ́.

Wàyí o, bí télọ̀ ní Tẹ́júoṣó bá gé aṣọ wa, àgékù ń bẹ nílẹ̀, a lè ní kó fi rán fìlà. Bí alápatà bá gé ẹran, a rí i bó ṣe bọ́ sínú abọ́. Àgékù owó oṣù nìkan ni ojú kì í rí.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan yá owó lọ́dọ̀ wa, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ sì ń gé e lóṣooṣù. Nígbà tó di oṣù keje, ó wá béèrè ẹ̀yáwó mìíràn láti fi san owó iléèwé ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti cut mi fóṣù mẹ́fà, mi ò jẹ gbèsè mọ́." A ṣí ìwé: owó oṣù méjì péré ló wọlé. Owó oṣù mẹ́rin ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Gígé ti ṣẹlẹ̀, sísan kò tíì ṣẹlẹ̀. Àwa náà jẹ̀bi. A ti rí i pé owó kò wọlé, a kàn rò pé òun ni kò san ni. Kí a tó kọ̀wé, kí a tó lọ, kí a tó bọ̀, kí owó náà tó jáde, ọmọ ti pàdánù ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nílé ẹ̀kọ́.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Labour Act ti 1974, ní abala 5, sọ pé gbogbo ohun tí a ó gé lára owó òṣìṣẹ́ nínú oṣù kan, lápapọ̀, kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹni tó ń gba ₦90,000, wọn kò gbọdọ̀ gé ju ₦30,000 lọ. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ síwèé ẹ̀yáwó tuntun, ẹ jẹ́ ká ro gbogbo èyí tí wọ́n ti ń gé tẹ́lẹ̀ pọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta la fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá pe "cut" sí owó yín, ẹ bi í pé: Ṣé ẹ̀ ń dín in kù ni, àbí ẹ̀ ń yọ ọ́, àbí ẹ̀ ń dá a dúró? Èló ni, oṣù mélòó ni? Àgékù dà? Lóṣooṣù, ẹ mú ìwé owó oṣù yín wá síbi ìpàdé, ká gbé e síwájú akápò, ká fi wé ìwé ẹgbẹ́. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ má ṣe jẹ́ kó di oṣù kejì kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò ní, bó bá rí báyìí, àwọn yóò kúkú fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ dákun, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ yẹn pọ̀ jù lóṣooṣù. Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Ibi tí a bá gbà gùn ún náà la ó gbà sọ̀ kalẹ̀.

Owó tí a fi òógùn wá, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó ṣègbé. Ẹgbẹ́ wa yóò máa gbèrú o.