Lẹ́yìn Tí Agogo Ilé-Ẹ̀kọ́ Bá Dún, Ta Ló Ń Bá Ọmọ Wí?

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ kà níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́)

Bí àná ni ọjọ́ tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ rí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a gbé pọ̀n wá sí ìpàdé nígbà náà ti ń lo fóònù báyìí. Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn gan-an la bá wá.

Ìbéèrè wa kò gùn. Bí ọmọ bá wà níta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Sátidé, tó fi fóònù ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣé ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti fìyà jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè? Àwa kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n nà án dáadáa. Àwa mìíràn yóò ní rárá, ọmọ wọn ni. Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹjọ́ yìí ti dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ wa ti ń kàwé.

Ní ọdún 2017, ní ìlú Mahanoy City, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ọmọbìnrin kan wà tí ìwé ẹjọ́ pè ní B.L. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó máa ń jó, tí wọ́n sì ń pariwo ìwúrí fún àwọn eléré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ bọ́ sí ẹgbẹ́ àgbà, wọn kò mú un. Wọ́n ní kó ṣì wà ní ẹgbẹ́ kékeré. Inú bí i. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìlú, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n na ìka èébú sókè. Ó gbé e sórí Snapchat, ó sì bú ilé-ẹ̀kọ́, ó bú eré ìdárayá, ó bú ohun gbogbo. Nǹkan bí 250 ọ̀rẹ́ ló lè rí i, kò sì ní pẹ́ kó tó pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi fóònù mìíràn ya á, ó sì gbé e kiri. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọmọ náà tọrọ àforíjì. Síbẹ̀, wọ́n dá a dúró nínú ẹgbẹ́ náà fún ọdún kan gbáko.

Àwọn òbí rẹ̀ kò lọ ṣe wàhálà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹjọ́ ni wọ́n gbé e lọ, ọ̀rọ̀ náà sì dé òkè pátápátá. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹfà, ọdún 2021, adájọ́ 8 nínú 9 gbè sẹ́yìn ọmọ náà.

Ìdájọ́ kan ti wà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1965, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Des Moines so aṣọ dúdú mọ́ apá wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láti fi hàn pé ogun Vietnam kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n dá wọn dúró. Ní ọdún 1969, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í bọ́ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì; àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá da iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rú gidi, tàbí tó bá tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Inú ọgbà nìyẹn. Ẹjọ́ B.L. ló wá bi wọ́n léèrè nípa ìta.

Adájọ́ Stephen Breyer, tó kọ ìdájọ́ náà, mú ìdí mẹ́ta wá. Èkíní, nígbà tí ọmọ bá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, abẹ́ òbí ló wà. Kì í ṣe olùkọ́ ló dúró gẹ́gẹ́ bí òbí fún un mọ́. Èkejì, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣọ́ ẹnu ọmọ nínú ọgbà, tó tún ń ṣọ́ ọ níta, kò sí wákàtí kan nínú 24 tí ọmọ yóò lè sọ tinú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ilé-ẹ̀kọ́ gan-an ló yẹ kó kọ́ ọmọ pé èrò tí kò dùn mọ́ni náà lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde. Adájọ́ Clarence Thomas nìkan ni kò fara mọ́ ọn. Ó ní láti ayé àtijọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ ti máa ń bá ọmọ wí lórí ọ̀rọ̀ ìta tó bá lè pa ilé-ẹ̀kọ́ lára.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa níbí, ti Thomas ni yóò ṣe. Ẹ ó ní, ṣebí àwọn àgbà ló sọ pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá ni wò ó? Òótọ́ ni, olùkọ́ sì wà lára igba náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí igba náà ṣe ń ṣe é. Ará àdúgbò tó bá gbọ́ tí ọmọ ń búni yóò bá a wí, yóò sì fà á lé òbí lọ́wọ́. Kì í lé ọmọ kúrò nílé bàbá rẹ̀. Kí olùkọ́ pe òbí, kó ní, “Ẹ wo ohun tí ọmọ yín kọ,” ìyẹn ìtọ́ni ni. Kí ó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó ní oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ kò dára, ìyẹn ti kọjá ìtọ́ni.

Àmọ́ o, ìdájọ́ náà kò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ọ̀rọ̀ sọ rárá lórí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níta. Bí ọmọ bá ń fìtínà ọmọ kan pàtó, tó ń halẹ̀ mọ́ olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́, tàbí tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe èrú nínú iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ lè dá sí i. Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fọkàn sí nìyí. Ọmọ tí wọ́n bá fi àwòrán ìtìjú rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri lóru lórí WhatsApp, inú kíláàsì kan náà ni yóò bá wọn jókòó láàárọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní, “Kò kàn wá, òru ló ṣẹlẹ̀,” ti já ọmọ náà kulẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí a ti sọ ọ̀rọ̀ nìkan là ń wò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà pa lára là ń wò. Bó bá jẹ́ ojú ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ló tì, ẹ dá ọmọ padà fún òbí. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ló wà nínú ewu, kí ilé-ẹ̀kọ́ dìde.

Nílé níbí ńkọ́? Ìdájọ́ Amẹ́ríkà kò de ilé-ẹjọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 39, fún olúkúlùkù ní òmìnira láti sọ èrò rẹ̀, abala 36 sì ní kí a gbọ́ tẹnu ẹni kí a tó dá a lẹ́bi. Ní ọdún 1986, nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri, ilé-ẹjọ́ wa tó ga jùlọ fagi lé lílé tí wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn rògbòdìyàn kan, nítorí pé ẹni tí rògbòdìyàn náà kàn gan-an ló jókòó bí alága ìgbìmọ̀ ìwádìí. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí a má tilẹ̀ sọ ti ẹni tó ń dá ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ohun mẹ́ta la wá ń bẹ ẹ̀yin òbí. Ẹ ka ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni bá ní kí ẹ fọwọ́ sí, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ wo ibi tó ti sọ̀rọ̀ fóònù àti ìkànnì ayélujára. Bí ọ̀ràn bá dé, ẹ béèrè ẹ̀sùn ní àkọsílẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé kí ẹni tí ọmọ bú má jókòó dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù: bí a bá ní kí olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ ìta sílẹ̀ fún wa, a gbọ́dọ̀ gbà á ṣe. Ọmọ tó ń wo bàbá rẹ̀ tó ń bú ará àdúgbò lórí WhatsApp ti rí olùkọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

A ó máa rí ara wa bá. Ọdún mẹ́wàá mìíràn yóò bá wa láyọ̀, àwọn ọmọ wa kò ní fi ẹnu kó bá ara wọn. Àṣẹ.