Ẹ̀rọ Tí A Fi Ń Tún Ọta Kì: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpèjọ ẹ̀ka Amẹ́ríkà)

 

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kàn mí. Ọ̀rẹ́ wa kan wá sílé mi lọ́dún tó kọjá, ó rí ẹ̀rọ kan tí mo fi bóòtù dè mọ́ tábìlì ní gárééjì, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ọta lò ń rọ níbí? Ogun wo lo fẹ́ lọ?” Ó ròyìn mi káàkiri, ẹ sì fi mí rẹ́rìn-ín títí. Akọ̀wé wá ní kí n kúkú wá fẹnu ara mi sọ ọ́. Mi ò lọ sógun kankan. Ìdíje ìbọn yíyìn ni, irú èyí tí ẹgbẹ́ USPSA ti ń ṣètò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1984. Ẹni tó bá ń bá wọn díje lè yìn tó 300 ọta lọ́sẹ̀ kan fún ìgbáradì nìkan. Bí a bá ń ra gbogbo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, owó ilé á wọ̀ ọ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ọ̀rẹ́ wa yìí kan náà ní kí n fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá òun tó jẹ́ ọdẹ nílé. Mo ní rárá. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ọta kì fún ìlò ara rẹ̀. Bó bá fẹ́ tà á ni yóò gba láíséǹsì. Òfin ìpínlẹ̀ sì yàtọ̀ síra, kí kálukú wádìí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 wà níbẹ̀ gedegbe, èèyàn ò lè máa ṣe ọta nínú ilé láì gbàṣẹ. Ohun kejì, ẹ̀tù dúdú tí àwọn bàbá wa ń ki sínú ṣakabùlà kọ́ ni ẹ̀tù inú ọta òde òní. Ẹni tó bá fi ojú ti àkọ́kọ́ wo èkejì yóò sọ ọwọ́ nù, bóyá ojú pẹ̀lú.

Ó dáa. Ọta òde òní ní nǹkan mẹ́rin: ìkarahun idẹ, kápù kékeré ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní primer, ẹ̀tù, àti òjé tó wà lórí. Bí a bá yìn ín, òjé á lọ, ẹ̀tù á jó tán, kápù á kú, ṣùgbọ́n idẹ á kù sílẹ̀, ó sì ṣeé tún lò lọ́pọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ wa ni pé kó fún idẹ padà sí ìwọ̀n rẹ̀, kó yọ kápù tó kú, kó fi tuntun sí i, kó da ẹ̀tù sí i, kó fi òjé dé e, kó wá fún ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ wa ní físíìsì wà níbí; sà, bí mo bá ṣì í sọ, ẹ má yọ máàkì mi.

Ẹ̀rọ onípò kan ń ṣe ọ̀kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí mò ń sọ, progressive, ní àwo tó ń yípo. Ìkarahun mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Bí àwo bá ti kún, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀ tí ẹ dá a padà, ọta kan tó pé yóò jábọ́ sínú àpótí. Iṣẹ́ alẹ́ kan di iṣẹ́ wákàtí kan.

Ní ti yíyàn, gbogbo ènìyàn ló máa ń béèrè èyí tó yára jù. Èmi á kọ́kọ́ béèrè pé, ọta mélòó lẹ ń yìn lóṣù? Bí kò bá ju 100 lọ, ẹ ra onípò kan, kí ẹ fi owó tó kù ṣe nǹkan fún ìyàwó yín. Kódà ẹni tó ń yìn púpọ̀, mo fẹ́ kó fi onípò kan kọ́ṣẹ́ ná, kó mọ ohun tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yíyí àwo. Dillon RL 550, tó ti wà láti àwọn ọdún 1980, ní ipò mẹ́rin, ọwọ́ la fi ń yí àwo rẹ̀. XL 750, tí ilé-iṣẹ́ kan náà gbé jáde ní 2019 láti rọ́pò XL 650, ní ipò márùn-ún, ó sì ń yí àwo fúnra rẹ̀. Lock-N-Load AP ti Hornady náà ní márùn-ún, òun náà ń yí fúnra rẹ̀. Ipò karùn-ún yẹn wúlò, nítorí ibẹ̀ lèèyàn lè fi ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀tù sí, tí yóò pariwo tàbí dá ẹ̀rọ dúró bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù tàbí bí kò bá sí rárá. Èyí tí a ń fọwọ́ yí rọrùn láti tún ṣe, kì í sì í dààmú ẹni tó ń lo oríṣiríṣi ọta. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìrántí yín ló gbọ́kàn lé. Ìyẹn ló fẹ́ pa mí.

550 ni tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìkarahun kan há ní ipò kìíní kí ọwọ́ ẹ̀rọ tó dé ìsàlẹ̀. Mo gbé e sókè, mo yọ èyí tó há, bí fóònù ṣe dún nìyẹn. Nígbà tí mo padà, mo yí àwo, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Mi ò rántí pé èyí tó wà ní ipò kejì kò tí ì gba ẹ̀tù. Lọ́jọ́ Sátidé, ní pápá, mò ń yìn lọ kíákíá, gbà, gbà, gbà, ọ̀kan wá dún pọ́ọ̀. Ìbọn kò ti ẹ̀yìn bí ó ṣe yẹ. Mo ti fọwọ́ fà á láti gbé òmíràn wọlé kí n tún yìn ín, ni ọmọ mi ọkùnrin pariwo lẹ́yìn mi pé, “Dádì, dúró!” Nígbà tí a tú ìbọn, òjé wà láàárín ọ̀pá, kápù nìkan ló tì í débẹ̀. Bí mo bá yin òmíràn lé e, ọ̀pá á bẹ́, ọmọ náà ò sì jìnnà sí mi rárá. Gbogbo ọta tí mo ṣe lálẹ́ yẹn, 200 ó lé, mo tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ọwọ́ ẹ̀rọ ti dé ìsàlẹ̀ ni, tí mo gbàgbé láti yí àwo tí mo tún fà á, ẹ̀tù ìlọ́po méjì ni ì bá wọ inú ọ̀kan. Ìyẹn kì í dún pọ́ọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ohunkóhun bá dá mi dúró, ìbáà ṣe ìyàwó mi ló pè mí wá jẹun, mo ń kó gbogbo ìkarahun kúrò lórí àwo, mo ń da ẹ̀tù inú wọn padà. Fóònù kì í wọ gárééjì mọ́. Iná kékeré wà lókè àwo kí n lè fojú rí ẹ̀tù kí òjé tó dé e. Irú ẹ̀tù kan ṣoṣo ló ń wà lórí tábìlì, iye tó wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà ni mo ń lò, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo sì ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè.

Ìtọ́jú kò le, ọ̀lẹ ni kò fẹ́ ẹ. Eérú kápù tó kú máa ń dà sórí àwo àti sábẹ́ rẹ̀, ó dà bí iyanrìn, òun ló ń jẹ irin. Ẹ gbọ̀n ọ́n kúrò lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ nu òpó ẹ̀rọ, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí i. Ẹ má fín ọ́ìlì sí itòsí kápù o, ó ń pa wọ́n. Ẹ yẹ bóòtù àárín àwo wò: bó bá tú, àwo á máa mì, kápù kò ní wọlé tán, bó bá le jù, àwo kò ní yí. Bí tábìlì bá ń mì, ẹ̀tù kò ní máa jáde ní iye kan náà, nítorí náà ẹ dè é mọ́ ògiri. Ẹ má fi ẹ̀tù sùn nínú ike ẹ̀rọ, ẹ dà á padà sínú agolo tirẹ̀. Òmíràn ń jẹ ike, ọ̀la á sì ṣòro láti mọ irú ẹ̀tù tó jẹ́. Ẹ ra sípíríǹgì kéékèèké àti abẹ́rẹ́ tó ń yọ kápù sílẹ̀, alẹ́ Sátidé ni wọ́n máa ń kán. Bí kápù kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í, ó lè bú. Ẹ wọ awò ojú.

Àwọn kan ra ẹ̀rọ ní 2020 nítorí ọta wọ́n, kápù náà sì wọ́n gógó títí di 2022. Ẹ̀rọ jókòó lásán, wọ́n wá ń tà á. Àlòkù kò burú, bí àwo rẹ̀ kò bá ti jẹ jù, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì yẹ̀.

Mo gbé àwo àlòkù kan wá, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹ wo ibi tí eérú ti jẹ ẹ́. Òjé wà nínú eérú yẹn, kò sì dára fún ara, pàápàá àwọn ọmọdé. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó lọ bá wọn nídìí mọ́ínmọ́ín.