Ogbó Mọ Ọ̀nà: Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣẹ́ Ìwọnlẹ̀ àti Ààlà Ilẹ̀ Wa

(Àsọyé tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún)

  Àwọn olóyè ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a ń wọn ilẹ̀ jẹun kí a wá sọ ohun tí iṣẹ́ wa jẹ́, bí ó ti yẹ kí a máa ṣe é, àti ibi tí ó ń lọ.

Kò sí ibi tí ó dára tí a lè ti bẹ̀rẹ̀ ju orúkọ ara wa lọ. Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn baba wa ni pé nígbà tí Fágbàmílà Ajagunnlá kúrò ní Ifẹ̀, Odùduwà fún un ní ogbó, èyíinì ni àdá kan tí ó ń la ọ̀nà níwájú rẹ̀ nínú igbó. Ibi tí ogbó bá kọjú sí ni wọ́n ń gbà, wọn a sì máa wí pé, "Ogbó mọ ọ̀nà." Inú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àgbà sọ pé orúkọ Igbómìnà ti jáde. Títí di òní olónìí, bí awọnlẹ̀ bá dé inú igbó, ohun tí ó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí ó fi àdá la ojú ọ̀nà tààrà láti igun kan dé igun kejì. Ṣùgbọ́n àdá kò ní ojú; ẹni tí ó dì í mú ni ó ní ojú. Ìyẹn ni kókó ohun tí a bá wá. Ẹ̀rọ lè fa ilà, ṣùgbọ́n ilà kì í ṣe ààlà. Òtítọ́ ẹni tí ó fà á, àti ẹ̀rí àwọn tí ó mọ ilẹ̀, ni ó ń sọ ilà di ààlà.

Àwọn baba wa mọ èyí. Nígbà tí olórí ẹbí bá fẹ́ fún ẹnìkan ní ilẹ̀, kì í dá nìkan lọ. A pe àwọn tí ilẹ̀ wọn bá ibẹ̀ pààlà, wọn a jọ rìn ín yí ká, wọn a sì gbin pèrègún sí igun rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi odò, àpáta tàbí igi ńlá ṣe àmì. Wọ́n yan pèrègún nítorí pé kì í tètè kú. Bí a bá gé e, a tún rú. Àwọn ọmọ a sì máa tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n lè di ẹlẹ́rìí nígbà tí àwọn àgbà bá ti lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: àmì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, aládùúgbò tí ó gbà, àti ọmọdé tí yóò rántí. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, ìjà ń bọ̀.

Lónìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń yẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ibi lè hú pèrègún lóru. Aládùúgbò wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun. Ọmọ tí ì bá rántí kò tẹ̀ lé baba rẹ̀ lọ sí oko rí. Nítorí náà ni ìwọ̀n àti ìwé fi di dandan, kì í ṣe láti gba ipò ẹ̀rí àwọn àgbà, bí kò ṣe láti pa á mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ àjèjì ni èyí láàárín wa. Ní 1890 ni Herbert Macaulay lọ sí Plymouth ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀. Ó padà dé ní 1893, ó sì di awọnlẹ̀ ilẹ̀ ọba ní Èkó. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì ń ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Apápá, tí ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, Macaulay ni ó bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé àwùjọ ni ó ni ilẹ̀ ní tòótọ́, àti pé bí ìjọba bá gbà á, kí ó san owó rẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Ẹ wo àǹfààní tí ó wà nínú pé ọmọ ẹni mọ ìwọ̀n ilẹ̀.

Bákan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1908 ṣí lọ sí Ìbàdàn ní 1927, ó sì dé Ọ̀yọ́ ní 1935, níbi tí ó wà títí di òní. Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà láti 1972 nínú ọgbà Yunifásítì, èyí tí a ń pè ní AFRIGIST nísinsìnyí, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà bí a ti ń wọn ilẹ̀ láti òfuurufú. Ẹnu ọ̀nà wa ni ìmọ̀ náà wà.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan kò tó, àwa Igbómìnà sì ni ó yẹ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ yìí sí Gúúsù àti Àríwá, ilà tí wọ́n fà gba àárín wa kọjá. Ìlá bọ́ sí Gúúsù. Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo bọ́ sí Àríwá, lábẹ́ Ìlọrin. Ní 1967 a dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, ní 1991 a dá Ọ̀ṣun, síbẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ṣì ń san owó orí fún ìjọba méjì. Ó ṣeé ṣe kí ilà náà tọ́ lórí ìwé; kò bá ìbátan tí ó wà láàárín wa mu. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo Igbómìnà lè ṣẹlẹ̀ sí agbo ilé kan, bí awọnlẹ̀ bá fa ilà láìbi àwọn tí ó ni ilẹ̀ léèrè.

Ní ti bí ó ti yẹ kí a máa ṣe iṣẹ́ náà, òfin kò dákẹ́. Òfin 1989 dá ìgbìmọ̀ SURCON sílẹ̀ láti forúkọ àwọn awọnlẹ̀ sílẹ̀ àti láti bá aṣebi wí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìgbìmọ̀ yìí kò ní àṣẹ láti fọwọ́ sí pláànù ilẹ̀ yín. Lórí pláànù tí ó péye, ẹ ó rí orúkọ onílẹ̀, ibi tí ilẹ̀ wà, gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ibi tí ó kọjú sí, ìwọ̀n gbogbo ilẹ̀ náà, ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, àti ọwọ́ òun èdìdì awọnlẹ̀. A ó sì fi yíǹkì pupa yí ààlà rẹ̀ ká. Lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ó rí òpó símẹ́ńtì ní igun kọ̀ọ̀kan, tí a kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí lórí. Nọ́ńbà orí òpó àti ti orí ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ̀dà kan sì gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ kọ́kọ́ lọ wádìí, kí ó tó ka owó sílẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ni ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì já mọ́? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí pulọ́ọ̀tì 10 bá tẹ̀ lé ara wọn lẹ́bàá títì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tí ó sì gùn ní 100. Tí awọnlẹ̀ aláìbìkítà sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 péré kún ti ẹni kìn-ín-ní, àti ti ẹni kejì, títí dé ẹni kẹsàn-án, ẹsẹ̀ bàtà 18 ti lọ. Ẹni kẹwàá tí ó san owó 50 yóò bá 32. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ rẹ̀ lọ tí ó sọnù, kò sì rí olè kankan mú.

A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀bi àwa fúnra wa pamọ́. Àwọn kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ń fọwọ́ sí pláànù ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ̀ rí. Ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n rán, èdìdì wọn ni wọ́n sì fi ń jẹun. Àwọn mìíràn a wọn ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì. A mọ̀ wọ́n, a sì ń dákẹ́ nítorí pé ẹlẹgbẹ́ wa ni wọ́n. Ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ó tó bá ilẹ̀ lọ, ó ti tú ilé onílé ká. Bí àwa tí a mọ iṣẹ́ kò bá fi ẹjọ́ wọn sun ìgbìmọ̀, a jẹ́ pé àwa pẹ̀lú wọn ni a jọ wọn ilẹ̀ náà.

Ohun kan tún wà tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Pláànù ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà àti bí ó ti tóbi tó. Kì í sọ ẹni tí ó ni ín. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ka ọ̀nà 5 tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀: ìtàn ìdílé, ìwé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, gbígbé orí rẹ̀ pẹ́, àti níní ilẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó, ìtàn ìdílé ni ó ṣíwájú. Ẹ̀yin àgbà, ẹnu yín ṣì ń jẹ́ ẹ̀rí nílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò lè pe òkú.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn adíyelé ilé àti ilẹ̀, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1969, tí òfin sì fi ìdí ìgbìmọ̀ wọn múlẹ̀ ní 1975. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti dé, bí ìjọba bá gba oko fún títì tàbí ilé-ìwé, ohun tí ó wà lórí ilẹ̀, bí irúgbìn àti ilé, ni a ń díye lé láti san owó rẹ̀, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà ì bá tà lọ́jà. Àgbẹ̀ tí kò lè fi ibi tí oko rẹ̀ dé hàn, tí kò sì mọ iye igi kòkó, obì àti ọ̀pẹ tí ó wà níbẹ̀, kí ni adíyelé yóò kọ sílẹ̀ fún un?

Ní ti ọjọ́ iwájú, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Ẹ̀wọ̀n irin ẹsẹ̀ bàtà 66 tí àwọn ọ̀gá wa fi ń wọn ilẹ̀ ti di ohun àtijọ́. Sátẹ́láìtì ni ẹ̀rọ wa ń bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, a sì lè mọ igun ilẹ̀ láìfi ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ṣì. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ lè ya àwòrán oko ńlá kan láàárín wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fóònù apò rẹ̀ pa ààlà. Fóònù lè fi nǹkan bí mítà 5 ṣì ní ìta gbangba, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà 16. Lábẹ́ igi kòkó, ó lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orílẹ̀-èdè Rùwáńdà fi ọgbọ́n kan hàn wá. Láàárín 2009 sí 2013, wọ́n kọ ilẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù 10 lọ sínú ìwé. Wọ́n ya àwòrán láti òfuurufú, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní iṣẹ́ náà, onílẹ̀ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì jọ ń tọ́ka sí ààlà ní gbangba kí a tó fà á. Kí ni èyí bí kò ṣe ohun tí àwọn baba wa ń ṣe nídìí pèrègún? Ẹ̀rọ ni ó jẹ́ tuntun. Ìlànà náà ti wà lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín. Èkíní, kí olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan kó àwọn àgbà, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn alábàápààlà rẹ̀ jọ ní ọdún yìí, kí wọ́n rìn yí ilẹ̀ wọn ká, kí wọ́n sì kọ orúkọ àmì kọ̀ọ̀kan àti ti ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èyí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Èkejì, kí a tó ta ilẹ̀ tàbí kí a tó pín in, kí a pe awọnlẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìgbìmọ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì tẹ ilẹ̀ náà níwájú wọn. Kí a fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ààfin. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ yìí máa rán ọmọ Ìlá lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ifẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ náà, kí ó má ṣe jẹ́ pé àlejò ni yóò máa fi ilẹ̀ wa hàn wá.

Ní tiwa, àwa awọnlẹ̀, ẹ̀jẹ́ kan ni a jẹ́ níwájú yín: ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wa kò bá tẹ̀, ọwọ́ wa kò ní í fọwọ́ sí i. Ogbó mọ ọ̀nà nígbà náà nítorí pé ọmọ tí baba rẹ̀ fọkàn tán ni ó gbé e lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí a yẹ lẹ́ni tí a lè fi àdá lé lọ́wọ́. Kí Ìlá kí ó rójú, kí ó ráyè.