Owó Oṣù Kọ́ Ni Gbogbo Ọ̀rọ̀: Ohun Tó Ń Gbé Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Lọ àti Ohun Tó Ń Gbé E Bọ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Ìlobùú àti Ìfọ́n, ẹ̀sùn tí a máa ń fi kan àwọn onímọ̀ wa tó ń já lọ sókè òkun ni pé owó ló kó sí wọn lójú. N kò ní pè é nírọ́, àmọ́ kò kó gbogbo ọ̀rọ̀ já. Owó oṣù tí kò tó nǹkan lè lé onímọ̀ jáde nílé. Ibi iṣẹ́ tó pé ló ń fà á wá, òun náà ló sì ń dá a dúró. Bí a bá gba èyí, ibi tí owó ìlú ń gbà lọ gbọ́dọ̀ yí padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò owó náà. Àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ bá ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ṣe ní 2009 fi owó ọ̀jọ̀gbọ́n sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 sí mílíọ̀nù 7.5 náírà lọ́dún. Dọ́là kan wà ní nǹkan bí 150 náírà nígbà náà, nítorí náà owó yẹn tó 40,000 sí 50,000 dọ́là. Ní 2024, tí dọ́là ti di nǹkan bí 1,500 náírà, ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà lókè pátápátá, pẹ̀lú àfikún ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ṣe ní 2023, kò gba tó 7,000 dọ́là lọ́dún. Ta ni yóò bá a wí pé ó gba físà? Síbẹ̀, bó bá jẹ́ owó oṣù nìkan ni, láti ilẹ̀ òtòṣì sí ilẹ̀ olówó nìkan ni àwọn onímọ̀ ì bá máa rìn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.

Ní 1971, onímọ̀ ohun ọ̀gbìn kan, Sang Ki Hahn, kúrò ní Kòríà wá sí IITA ní Ìbàdàn, ibùdó ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ó lé lógún ọdún tó fi wà níbẹ̀. Irú ẹ̀gẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú jáde, tí àrùn kì í tètè bà jẹ́, dé oko káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ará Ìkirè sì fi í jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Lásìkò kan náà, Kòríà ń pe àwọn ọmọ tirẹ̀ padà láti Amẹ́ríkà: KIST, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Seoul ní 1966, fún wọn ní owó oṣù tó jọjú, ilé gbígbé àti òmìnira láti ṣiṣẹ́.

Ẹdẹ náà kò jìnnà síbí. Christian Happi, ọmọ Kamẹrúùnù tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn, lọ ṣe ìwádìí ní Harvard, ó sì padà wá sí Redeemer's University tó wà níbẹ̀, níbi tó ti darí ACEGID, ibùdó ìwádìí jíìnì àwọn àrùn. Ní 2014, yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ wà lára àwọn tó fìdí Ẹbólà àkọ́kọ́ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní March 2020, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Kòrónà wọ ilẹ̀ wa, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló kọ́kọ́ tú jíìnì kòkòrò náà palẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Náírà tó ń lé àwọn yòókù lọ náà ni wọ́n ń ná ní Ẹdẹ.

Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Ẹ wo nǹkan kan ṣoṣo: fíríìsà. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pamọ́ sí fún ìwádìí nílò òtútù ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo. Bí iná bá lọ lálẹ́ Jímọ̀ọ̀, tí díísù inú jẹnẹrétọ̀ sì gbẹ, kó tó di Mọ́ńdè, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lè ti yọ́ dànù. Kò sí àfikún owó oṣù tó lè dì í padà. Owó oṣù la fi ń ra àkókò onímọ̀. Ohun èlò ló ń pinnu ohun tí àkókò náà máa so.

Ẹnìkan lè sọ pé owó òkèèrè ló gbé ACEGID ró. Apá kan rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó Báǹkì Àgbáyé tó wà nídìí rẹ̀, ẹ̀yáwó tí Nàìjíríà gbà ni, àwa la máa san án. Bí iṣẹ́ bá sì ṣe ń jáde sí ni owó náà ń wọlé sí. Ẹlòmíràn yóò ní àwọn tó lọ ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Òótọ́ ni, owó náà ń kọ́lé, ó ń rán ọmọ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n owó tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kò lè tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi sílẹ̀ sọ́nà. Ẹ̀rìn mọ èyí ju ìlú mìíràn lọ. Làmídì Àyánkúnlé lu bàtá dé Jámánì, ó sì padà sí agboolé. Nítorí pé iṣẹ́ àti àwọn tó ń kọ́ ọ ṣì wà nílé ni onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, Debra Klein, fi wá kọ́ ẹ̀kọ́ láàárín yín, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 2007.

Èyí tó le jù ni ti àwọn tí TETFund, àjọ ìjọba tó ń ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, fi owó ìlú rán lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn máa padà, tí wọn kò padà. Ó tọ́ kí wọ́n san gbèsè náà. Àmọ́ ẹni tí ìwé àdéhùn dá padà sínú yàrá òfìfo yóò ka ọdún rẹ̀ pé ni, yóò sì tún gba pápákọ̀ òfurufú lọ.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa ńkọ́? UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, wà ní ìlú mẹ́fà. Mo mọ̀ pé kò sí ìlú tí kò fẹ́ ọgbà yunifásítì tirẹ̀, àmọ́ kí ìjọba Ọ̀ṣun tó kéde òmíràn, kó mú yàrá ìwádìí kan tàbí méjì, kó sì fi iná tí kì í lọ, owó kẹ́míkà àti owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùwádìí sí i fún ọdún mẹ́wàá láìdáwọ́ dúró. Bí olóṣèlú bá wá ṣèlérí yunifásítì fún yín, ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò máa ra díísù rẹ̀ lọ́dún kẹta.