Agbo Tí Ó Gbọ́n: Alẹ́ Ewì àti Ìtọ́sọ́nà Ọ̀dọ́ Akéwì ní Ẹdẹ

Àwọn ọ̀dọ́ wa ń pé jọ ní alẹ́ láti sọ ewì lójú agbo, lédè Yorùbá, lédè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà mìíràn ní àdàlù èdè méjèèjì. Àwọn àgbà kan ń wò ó bí eré ọmọdé. Àwọn mìíràn ń pàtẹ́wọ́ fún ohunkóhun tí wọ́n bá ṣáà ti gbọ́. Lójú tèmi, kò sí èyí tí ó ran ọmọ náà lọ́wọ́ nínú méjèèjì. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: kí ni agbo ní láti ṣe kí ọ̀dọ́ tí ó ń sọ ewì tó lè di akéwì?

Ogún Ẹdẹ

Ìbéèrè yìí bá ìlú Ẹdẹ mu gan-an. Ìtàn àbáláyé sọ pé láti Ọ̀yọ́ ni Tìmì Àgbàlé, ọlọ́fà iná, ti wá tẹ ìlú náà dó. Wọ́n ń bọ Ṣàngó níbẹ̀ títí di òní, níbi tí Ṣàngó bá sì wà, Ṣàngó pípè kò lè jìnnà. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jẹ Tìmì láti 1946 sí 1975, kò ka ìlù sí iṣẹ́ àyàn nìkan. Òun fúnra rẹ̀ ń lu dùndún, ó sì kọ àpilẹ̀kọ nípa ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Onílù tí ó bá ń lù níwájú irú ọba bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí ó jókòó lórí ìtẹ́ ń gbọ́ gbogbo ohun tí kọ̀ǹgọ́ ń wí. Bí ó bá ṣi ohùn kan lù, kò sí ibi tí yóò fi í pamọ́ sí. Olùgbọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń sọ òṣèré di ẹni tí ń ṣọ́ra.

Àtúnṣe nínú agbo ìjálá

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966. Ó ṣe àlàyé níbẹ̀ bí àwọn oníjàálá ṣe ń ṣọ́ ara wọn lẹ́nu. Bí ọ̀kan bá ń sun ìjálá, tí ó sì ṣi oríkì tàbí ìtàn sọ, ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n lè dá a dúró kí ó sì tọ́ ọ sọ́nà níṣojú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí a tọ́ sọ́nà lè gbà. Ó sì lè kọ̀, kí ó wí pé bí ọ̀gá òun ti kọ́ òun nìyẹn.

Mo rí ọgbọ́n mẹ́ta nínú àṣà yìí. Èkínní, ẹni tí ó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ibi tí ó wọ́ gan-an. Èkejì, ó ń fi ìmọ̀ tirẹ̀ náà sí ojú agbo, nítorí bí ó bá ṣì í, òun ni ẹ̀rín yóò kàn. Ẹ̀kẹta, ẹni tí a bá wí ní ẹ̀tọ́ láti fèsì.

Ẹnìkan lè béèrè pé ìjálá ní àkóónú tí agbo ti mọ̀, ṣùgbọ́n àtinúdá ni ewì ọ̀dọ́ òde òní. Báwo ni a óò ṣe tún ohun tí a kò gbọ́ rí ṣe? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé akéwì ni ó ni èrò rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ó ni èdè. Bí ohùn tí ó fi gbé ewì bá sọ ọkọ́ di ọkọ̀, agbo gbọ́. Bí ó bá dorí òwe kodò láìní ìdí, agbo mọ̀. Bí ó bá fi oríkì ìdílé kan ki ọmọ ìdílé mìíràn, ẹni tí ó ni oríkì wà níbẹ̀.

Òṣogbo àti Chicago

Ní 1962, Dúró Ládípọ̀ dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ẹdẹ, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier. Èdè Ìgbò ni mbari, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Mbari ti Ìbàdàn ni ó sì ti dé Òṣogbo, ṣùgbọ́n etí Yorùbá gbọ́ ọ bí ẹni pé ‘bí mo bá rí i, n óò yọ̀.’ Àárín ìlú ni ó wà, kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì. Eré Ọba Kò So, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1963, tí wọ́n sì gbé lọ sí Berlin ní 1964, dá lórí Ṣàngó, Gbọ́nkáà àti Tìmì tí a rán lọ sí Ẹdẹ. Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí àwọn ará ìlú, bẹ́ẹ̀ ni oríkì àti ìlù inú rẹ̀. Nítorí náà wọ́n lè dájọ́.

Ní 1986, Marc Smith bẹ̀rẹ̀ ìdíje ewì tí wọ́n ń pè ní slam ní ilé ọtí Green Mill ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Láàárín àwọn olùgbọ́ ni wọ́n ti ń yan adájọ́, àwọn wọ̀nyí a sì máa fún akéwì ní máàkì, láti òdo dé 10. Àṣà náà ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà. Èmi kò kórìíra rẹ̀, nítorí ó fún olùgbọ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n máàkì 6 kò lè sọ fún ọmọ pé ọ̀rọ̀ báyìí ni ó bà á jẹ́, ọmọ náà kò sì lè fèsì fún nọ́ńbà.

Ohun tí a lè ṣe

Láńrewájú Adépọ̀jù, tí ó kú ní 2023, àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ fi rédíò àti rẹ́kọ́ọ̀dù mú ewì wọ ilé gbogbo. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, ẹni tí ń gbọ́ rédíò kò lè dá akéwì dúró. Lónìí, fóònù fún ọ̀dọ́ ní etí tí ó pọ̀ ju ti rédíò lọ, ṣùgbọ́n ìyìn tàbí èébú ni ó sábà máa ń bá a padà wá. Ìdí nìyí tí alẹ́ ewì, níbi tí ènìyàn ti ń wo ojú ènìyàn, fi níye lórí.

Ẹdẹ ní Pọ́lítẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ láti 1992. Yunifásítì Adélékè àti Redeemer's University náà wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ kò wọ́n, gbọ̀ngàn kò sì wọ́n. Àbá mi ni pé kí alẹ́ ewì jáde kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wá sí àárín ìlú. Kí a pe àwọn àyàn, àwọn adóṣù Ṣàngó àti àwọn ọ̀jẹ̀ tí ń pe iwì, kí wọ́n jókòó gẹ́gẹ́ bí olùgbọ́, kí wọ́n má jẹ́ ọ̀ṣọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ètò lásán. Kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ sọ ohun kan tí ó kọ́ lẹ́nu àgbà, kí ó tó sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí àtúnṣe wáyé ní ìlànà oníjàálá. Bí owó bá sì wà láti ná, kí a má fún ẹni tí ó ki olówó jù lọ; kí a fún ẹni tí ó padà wá ní oṣù kejì pẹ̀lú ewì kan náà, tí ó sì ti dára sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi falẹ̀. A máa ń kédàárò pé àwọn apohùn àgbà ń kú lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àdánù kejì wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà: àwọn olùgbọ́ àgbà náà ń lọ. A lè ka ohùn apohùn sínú ẹ̀rọ kí ó tó kú. Ṣùgbọ́n etí tí ó lè wí pé ‘ibí yìí ni o ti ṣì í, bí ó ti rí nìyí’ kò ṣeé kà sínú ẹ̀rọ; àfi kí a tọ́ etí mìíràn dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lójú agbo kan náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí Ẹdẹ bá fẹ́ ní akéwì lọ́la, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ olùgbọ́ lónìí.

Ẹni tí ó bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, kí ó tún un ṣe. Agbo náà nìyí.